Obì Tí Bùrọ̀dá Sámú Fún Mi Jẹ

Títí di òní yìí, bí wọ́n bá gbé obì síwájú mi, ètè mi ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ máa ń lọ. Àwọn ọmọ mi ti bi mí ní ìdí rẹ̀ títí ó fi sú wọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé egbò àtijọ́ ni. Egbò ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ètè. Ẹni tó dá a sí mi lára kì í ṣe ọmọ Àṣáńtì, kì í sì í ṣe òyìnbó tó ń jọba lé wa lórí nígbà náà. Ọmọ ilé wa ni. Òun ló ń kí mi ní "okun" láràárọ̀, òun náà ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ mi. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Mo gbọ́ òwe yẹn láti kékeré. Mo rò pé àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n pa á fún.

Mi ò ní fi bí mo ṣe dé Góòlù Kóòsì dá yín lágara. Ọkọ̀ ló gbé mi, ọkọ̀ náà ló sọ̀ mí. Fèrè ni mo bá lọ. Nílé ìwé ìjọ ní Kábà, èmi ni mo máa ń fọn fèrè idẹ tí a fi ń pe àwọn ọmọ wọ kíláàsì, gbogbo ìlú sì mọ ọjọ́ tí ara mi kò bá yá, nítorí ẹlòmíràn á fọn ọ́n bí ewúrẹ́ tó ń húkọ́. Mo ti gbọ́ pé ní Kùmásí, olú ìlú àwọn Àṣáńtì, fífọn fèrè jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi jẹun. Bàbá mi ní iṣẹ́ wo ni atẹ́gùn. Ìyá mi kàn di gààrí fún mi.

Ní Kábà, bí ènìyàn bá ń kọjá lọ, àjèjì ni o, ará ilé ni o, a ó kí i: "Okun o." Bó ń roko, okun. Bó jókòó lásán, okun. Bí o bá gba iwájú àgbà kọjá láìkí i, kí o tó délé, ẹjọ́ rẹ á ti débẹ̀ ṣáájú rẹ. Ní Kùmásí, mo ń kí àwọn ènìyàn lójú títì, wọ́n ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Nígbà tó yá, mo gbé ẹnu mi dákẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ dùn mí nílẹ̀ yẹn nìyẹn, kì í ṣe ebi. Ẹnu ń yún mi láti kí ènìyàn.

Zongo ni mo dé sí, àdúgbò àwọn àjèjì, bíi Sábó tiwa. Èdè Hausa ló gbà mí níbẹ̀, nítorí abẹ́ ìjọba Àríwá ni Kábà wà, àwa ọmọdé sì ti ń gbọ́ Hausa lẹ́nu ọlọ́pàá àti oníṣòwò. Mo dúró ní ọjà lọ́jọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń di gbànja sínú apẹ̀rẹ̀ ńláńlá tí wọ́n fi ewé tẹ́, ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi.

"Okun o, ọmọ Kábà!"

Mo yí padà. Ọkùnrin gíga kan ni, ó dé fìlà òyìnbó, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ọmọ Kábà ni mí?"

"Ìrìn ẹsẹ̀ rẹ ni. Ẹni tó bá dàgbà láàrin òkè, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ẹsẹ̀."

Ọmọ Ìyàrá ni, ìlú tó wà nítòsí Kábà. Sámúẹ́lì lorúkọ rẹ̀, gbogbo ènìyàn ń pè é ní Sámú, èmi ń pè é ní Bùrọ̀dá Sámú. Kí n má parọ́, mo sunkún lójú ọjà. Ó gbá mi mọ́ra, ó ní, "Dákẹ́, dákẹ́, o ti délé." Nígbà tó gbọ́ pé fèrè ni mo bá wá, ó fò sókè. Afọnfèrè ni òun náà!

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ Mai Shayi, Hausa tó ń ta tíì lẹ́bàá títì. Ọkùnrin náà bu omi dúdú kan sínú ife fún mi, èéfín ń rú lórí rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Kọfí ni," Bùrọ̀dá Sámú dáhùn.

"Kọfí wo? Kọfí tí bàbá mi ń gbìn?"

"Òun náà ni."

Háà! Mo gbé ife náà lọ́wọ́, mi ò lè mu ún. Oko kọfí bàbá mi wà lẹ́yìn òkè. Àwa ni à ń já a nígbà tó bá pọ́n, àwa ni à ń sá a sórí àpáta, àwa ni à ń gún un kí èèpo rẹ̀ lè kúrò, tí a ó wá rù ú lọ fún àwọn tó ń rà á ní Kábà. Ẹnì kan kò tọ́ ọ wò rí nínú ilé wa. Àwa ọmọdé gbà pé ẹ̀tù ìbọn ni òyìnbó ń fi ṣe. Mo mu ún, ó korò bí ewúro tí a kò fọ̀. Ni mo bá bú sẹ́rìn-ín. Mo fi ilé bàbá mi sílẹ̀, mo rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, mo wá ń sanwó òógùn bàbá mi lọ́wọ́ Mai Shayi.

"Mu ún," ni Bùrọ̀dá Sámú wí. "Òun ló máa jẹ́ kí o lè fọn fèrè."

Ó sì nídìí. Ilé búrẹ́dì ni mo rí iṣẹ́ sí. Kí àkùkọ tó kọ ni à ń po ìyẹ̀fun, tí oòrùn bá fi máa kan àtàrí, apá mi á ti kú. Ọ̀sán nìkan ni mo ráyè fi kọ́ fèrè, ọ̀sán náà sì ni oorun ń gbé mi lọ. Bùrọ̀dá Sámú yá mi ní fèrè rẹ̀ àtijọ́, a jọ máa ń lọ sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, níbi tí ariwo wa kò ti ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, á fún mi ní kọfí dúdú láìsí mílíìkì, á tún la gbànja fún mi. "Ìwọ lo ṣiṣẹ́ alẹ́, ìwọ lo nílò agbára," á wí bẹ́ẹ̀. Òun kì í jẹ ẹ́. Eyín ń dùn ún. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ló máa ń jẹ, á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ ẹnu.

Mo káàánú eyín rẹ̀ gan-an ni o. Mo tiẹ̀ bá a wá ewé sí i.

Ẹgbẹ́ olórin kan wà tí Bùrọ̀dá Sámú ń bá kiri, ó ń bá wọn gbé àga, ó ń bá wọn gbé ìlù, bí ẹnì kan bá ṣàìsàn á bá wọn fọn fèrè. Ọ̀gá wọn jẹ́ ọmọ Àṣáńtì, bàbá kan tí orí rẹ̀ ti pá, Máásítà ni gbogbo wọn ń pè é. Afọnfèrè àgbà nínú ẹgbẹ́ náà fẹ́ padà sílùú rẹ̀ lọ fẹ̀yìn tì. Bùrọ̀dá Sámú mú mi lọ rí Máásítà. Mi ò gbọ́ èdè Àṣáńtì nígbà náà, Máásítà kò sì gbọ́ Hausa, Bùrọ̀dá ló ń túmọ̀. Mo fọn díẹ̀. Máásítà mi orí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ń fi ìka kan ètè ara rẹ̀, ó ń tọ́ka sí ọ̀fun rẹ̀, ó di ọwọ́ bí ẹni tó mú nǹkan kékeré kan dání, ó wá ju nǹkan náà nù.

"Kí ni wọ́n wí?" mo bi Bùrọ̀dá.

"Wọ́n ní kí o múra síṣẹ́. Wọ́n ní àwọn máa mú ẹnì kan nínú àwa méjèèjì."

"Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nìyẹn?"

"Àwọn Àṣáńtì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀," ó dáhùn, ó rẹ́rìn-ín.

Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nǹkan tí mo fẹ́ láyé nígbà náà kò ju àga kan ṣoṣo yẹn lọ, àga afọnfèrè nínú ẹgbẹ́ Máásítà. Tí mo bá ń po búrẹ́dì, mo máa ń rí i lójú ọkàn mi. Kò sí tẹlifóònù tí mo lè fi pe ilé. Ẹnu ènìyàn ni tẹlifóònù wa. Obìnrin oníṣòwò aṣọ kan wà, ará Mọ́pà lágbègbè wa, tó máa ń wá sí Kùmásí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Òun ló máa ń bá ìyá mi jíṣẹ́ fún mi, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń fara wé ohùn rẹ̀: "Ìyá rẹ ní, ṣé o ń jẹun? Ó ní, ta lò ń bá gbé?" Màá ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ní ẹ̀gbọ́n níbí." Mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn máa ń fi ọkàn ìyá mi balẹ̀ ju owó lọ.

Ṣùgbọ́n fèrè kò gbọ́ tèmi bó ṣe yẹ. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ó dára. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ẹnu mi á gbẹ, ètè mi á gan, ìka mi á máa ṣi bọ́tìnnì tẹ̀. Mo rò pé àárẹ̀ ni. Bùrọ̀dá náà ní àárẹ̀ ni, á fi gbànja kún un fún mi.

Oṣù ààwẹ̀ dé. Mùsùlùmí ni bàbá mi, ìyá mi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, èmi fúnra mi sì máa ń gba ààwẹ̀ nítorí bàbá mi, àgàgà ní Zongo tí gbogbo ilé ti ń gbà á. Kò sí kọfí lọ́sàn-án, kò sí gbànja. Ní ìrọ̀lẹ́, tí a bá ti ṣínu pẹ̀lú kókó ọkà àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ omi, mo máa ń lọ sẹ́yìn ilé ìlagẹdú fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, fèrè náà dún! Ó dùn bí oyin. Mo fọn orin tí àwọn ìyá wa máa ń kọ tí wọ́n bá ń gún kọfí, mo gbé e sókè, mo gbé e sí ibi tí ẹ̀rù ti máa ń bà mí tẹ́lẹ̀, kò já. Obìnrin Àṣáńtì kan tó ń ta kẹ́ńkẹ́, irú ẹ̀kọ tiwọn, nítòsí, tó ti máa ń bú mi fún ariwo, fi ọwọ́ pè mí pé kí n tún un fọn. Ó fún mi ní kẹ́ńkẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo jẹ kẹ́ńkẹ́ yẹn bí oyè.

Mo sọ fún Bùrọ̀dá Sámú pé ìbùkún ààwẹ̀ ni. Ó tẹ̀lé mi wá gbọ́. Nígbà tí mo parí, ó gba fèrè náà lọ́wọ́ mi, ó ń yí i wò.

"O ti mọ̀ ọ́n fọn," ló wí níkẹyìn. Inú mi dùn débi pé mi ò wo ojú rẹ̀ dáadáa.

Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, Máásítà pè wá fún ìdánwò ní ọjọ́ Sátidé kan, ní ọ̀sán. Mo wọ ṣòkòtò mi tó dára jù. Bí mo ṣe fẹ́ jáde, Bùrọ̀dá Sámú wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú kọfí nínú ìgò àti gbànja pupa kan tó tóbi bí ẹyin adìyẹ.

"Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ kó di ẹ̀yìn ìdánwò," mo wí. "Mo ti ń jáde lọ."

Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. "Mo ti gbàdúrà lé e. Obì ní í bi ikú, obì ní í bi àrùn. Ṣé ìwọ fẹ́ sọ fún mi pé o ti di ọmọ Kùmásí? Nílé wa, a kì í kọ obì àgbà."

Òótọ́ ni. Nílé wa, a kì í kọ ọ́. Àgbà nà án sí ọ, o kúnlẹ̀ tàbí o dọ̀bálẹ̀, o fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, o jẹ ẹ́ lójú rẹ̀ kó lè mọ̀ pé o fọkàn tán òun. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo gbà á. Mo jẹ ẹ́ tán lójú rẹ̀, mo fi kọfí lé e.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fọn. Mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo dé ibi tí orin náà ti gòkè, n kò ní itọ́ kankan lẹ́nu. Ètè mi le bí awọ tí a sá sóòrùn. Ohùn náà já. Mo tún gbìyànjú rẹ̀, ó tún já, ó ń pariwo bí ewúrẹ́ tó ń húkọ́. Mo bẹ̀bẹ̀ fún omi. Máásítà ń wo ẹnu mi, ojú rẹ̀ kún fún ìbànújẹ́, ó ń mi orí. Bùrọ̀dá Sámú dìde. Ó mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ̀. Ó fọn ọ́n láìṣe àṣìṣe kankan, kò dùn jù, kò burú.

Wọ́n gbé àga fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ra ẹran sísun wá fún mi. Ó ní, "Má jẹ́ kó dùn ọ́, àbúrò mi. Ọdún ń bọ̀." Mo bá a jẹ ẹ́, mo sì kí i kú oríire. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo dá fèrè rẹ̀ padà fún un. Ó gbà á lọ́wọ́ mi kíákíá.

Ilé búrẹ́dì kọ́ mi ní èdè Àṣáńtì. Ẹ ò lè máa bá ènìyàn po ìyẹ̀fun ní gbogbo ìdájí kí ẹ má gbọ́ èdè wọn. Nígbà tó pẹ́ dáadáa, Máásítà fúnra rẹ̀ wá ra búrẹ́dì. Mo kí i ní èdè rẹ̀. Ẹnu yà á.

"O gbọ́ èdè wa báyìí? Kí ló wá dé tí o fi jẹ obì lọ́jọ́ ìdánwò? Gbogbo ètè rẹ ni ó pọ́n. Mo kìlọ̀ fún ọ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọ pé afọnfèrè kì í fẹnu kan obì lọ́jọ́ tó bá fẹ́ fọn, kó sì jìnnà sí kọfí. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní òun ti sọ fún ọ, pé olórí kunkun ni ọ́."

Búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rántí ìka tó ń kan ètè. Mo rántí nǹkan kékeré tó mú dání tó sì jù nù.

Mo sáré lọ bá Bùrọ̀dá Sámú. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un. Ó sẹ́ kanlẹ̀, ó sunkún, ó fi orúkọ ìyá rẹ̀ búra. Ó ní èdè Àṣáńtì ti òun náà kò tíì jinlẹ̀ nígbà náà, pé òun kò gbọ́ ibi tí ó ti dárúkọ obì rárá. Ó ní, "Ìwọ àti èmi la wà nílẹ̀ yìí. Ṣé Àṣáńtì lo máa gbà gbọ́?"

Ẹ gbọ́, mo gbà á gbọ́. Kì í ṣe pé mo gọ̀. Bí mi ò bá gbà á gbọ́, ta ló kù tó máa kí mi ní okun? Ẹni tó wà nílùú àjèjì máa ń gba ohun púpọ̀ mì kí ó má baà dá wà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbé mì kò lọ sísàlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé Kábà, wọ́n ń gbọ́ fèrè rẹ̀ nínú gírámafóònù. Obìnrin Mọ́pà náà dé, ó jíṣẹ́: "Ìyá rẹ ní, ṣé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń fọn ọ́n?"

"Ẹ sọ fún un pé àwa méjèèjì ni," mo wí. Mo wọ inú ilé búrẹ́dì lọ, mo sunkún sínú ìyẹ̀fun.

Nígbà tó ṣe, mo padà sílé. Mo mọ ààrò búrẹ́dì sí Kábà, àwọn ènìyàn sì ń rà á, inú mi kò bàjẹ́ sí ìyẹn. Mo máa ń se kọfí bàbá mi fún un láàárọ̀, òun náà á mu ún, á fajú ro, á ní kí n tún bu sí i.

Ẹgbẹ́ Máásítà wá ṣeré ní pápá ilé ìwé wa ní Kábà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Bùrọ̀dá Sámú wá kí bàbá mi, nínú kóòtù funfun. "Okun o, Baba!" Bàbá mi yọ̀ mọ́ ọn, ó ní, "Ìwọ lo bá mi tọ́jú ọmọ mi nílẹ̀ òkèèrè." Ó ní kí n gbé obì wá. Mo gbé àwo náà kúnlẹ̀ níwájú wọn. Bàbá mi ṣe àdúrà, ó la obì náà, ó mú awẹ́ kan, ó nà án sí i.

Bùrọ̀dá Sámú rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ sókè. "Háà, Baba, ẹ má bínú. Mo fẹ́ fọn fèrè nírọ̀lẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Máásítà wa ti kìlọ̀ fún wa, afọnfèrè kì í jẹ obì lọ́jọ́ tó bá fẹ́ fọn."

Ó ti gbàgbé. Ó ti gbàgbé eyín tó ń dùn ún, ó ti gbàgbé orúkọ ìyá rẹ̀ tó fi búra. Ìgbà tó rí ojú mi lórí àwo yẹn ló rántí. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

"Ẹ̀yin olórin mà ní èèwọ̀ o!" Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín, kò mọ nǹkan kan. "Àbúrò rẹ yìí kò sọ ọ́ fún wa rí."

"Ẹnikẹ́ni kò sọ fún èmi náà, Baba," mo dáhùn. Mo yíjú sí i. "Ṣùgbọ́n Bùrọ̀dá, nílé wa, a kì í kọ obì àgbà."

"Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni," bàbá mi wí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà síbẹ̀.

Òógùn bò ó. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú kóòtù funfun rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba awẹ́ obì náà. "Ẹ ṣé, Baba. Màá jẹ ẹ́ tí a bá ṣeré tán." Ó sì rọra fi í sínú àpò rẹ̀. Bàbá mi kò bínú. Ó súre fún un, ó ní kó ṣe eré ire.

Mi ò lọ sí pápá nírọ̀lẹ́ yẹn. Mo jókòó ti ààrò mi, mo ń gbọ́ fèrè láti òkèèrè, mo fi ọwọ́ kan ètè mi. Àṣé obì àgbà ṣeé fi sápò. Àpò wà lára ṣòkòtò tèmi náà lọ́jọ́ Sátidé ìdánwò yẹn.